Ọ̀nà ti dé, iná ti dé, kí ló wá dé tínú àwọn ará abúlé ò dùn sí i?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Mo wà nínú kọmití tó ń ṣètò abúlé mẹ́fà tó jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Láàárín ọdún mẹ́rin a la títì, a fa iná, a kọ́ ilé ìwòsàn kan sáàárín. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ a bi àwọn èèyàn bí ayé wọn ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí, a tún bi wọ́n nígbà tó parí. Máàkì ò gòkè, ní abúlé méjì ńṣe ló já wálẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa ní aláìmoore ni wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló yẹ ká tún ṣe?"

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Rárá o, wọn kì í ṣe aláìmoore, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá yín kí wọ́n má lo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, torí ọjọ́ tí kọmití bá ti gbà pé àwọn tóun ń ṣiṣẹ́ fún ò moore, ọjọ́ yẹn ni etí ẹ̀ máa di. Ohun tí mo rò pó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan lẹ kà, ẹ ò ka ọjọ́ wọn. Kọmití máa ń ka títì, á ka òpó iná, á ka ilé tó kọ́, àmọ́ inú ọjọ́ kan ni ará abúlé ń gbé, láti ìgbà tó bá jí títí tó fi máa sùn, ibi tó fẹsẹ̀ rìn dé, ohun tó rù, ẹni tó dúró dè, ẹni tó pàṣẹ fún un. Tí ohun tẹ́ ẹ ṣe ò bá mú ọjọ́ yẹn fúyẹ́, tàbí tí wọn ò bá lẹ́nu nínú ẹ̀, kò sí bí máàkì ṣe máa gòkè. Ó máa gùn díẹ̀ kí n tó ṣàlàyé ẹ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ká tó débẹ̀ sáà, ẹ lọ wo sọ́fè yẹn fúnra ẹ̀ ná, ìyẹn ìbéèrè tẹ́ ẹ lọ bi wọ́n. Oṣù wo lẹ ṣe ti àkọ́kọ́, oṣù wo lẹ ṣe èkejì? Mi ò tíì rí ohun tó ń da sọ́fè àgbẹ̀ rú tó èyí. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ìgbà yòówù tẹ́ ẹ bá bi í lọ́dún, àpò ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àgbẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lowó gidi ń wọlé fọ́pọ̀ wọn, kí ìkórè tó dé gbèsè ti wà nílẹ̀, owó iléèwé ọmọ ti wà nílẹ̀, ọkàn ò balẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan, Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao, gbé ìwádìí kan jáde ní 2013, wọ́n lọ bá àgbẹ̀ oníìrèké 464 ní abúlé 54 ní Tamil Nadu lórílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n fún wọn ní ìdánwò ọpọlọ kí wọ́n tó kórè, wọ́n tún fún àwọn kan náà nígbà tí wọ́n kórè tán, tẹ̀yìn ìkórè ló dáa jù. Ọpọlọ ni wọ́n dán wò níbẹ̀ o, wọn ò wọn ìtẹ́lọ́rùn, àmọ́ ẹ rò ó wò, tí àìrówóná ìgbà kan nínú ọdún bá lè dé ìdí ìrònú èèyàn, ṣé kò ní dé ìdí ìdáhùn tó máa fún yín tẹ́ ẹ bá ní kó sọ báyé ṣe rí fún un ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìkórè lẹ bi wọ́n lákọ̀ọ́kọ́, tẹ́ ẹ wá padà lọ nígbà tí àká ti ń gbófo, máàkì máa já kódà ká ní wúrà lẹ fi tẹ́ títì.

Ìkejì, irú ìbéèrè wo lẹ bi wọ́n? Mo fura pé ti àtẹ̀gùn yẹn ni, èyí tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Hadley Cantril, gbé jáde ní 1965 tí gbogbo ayé wá ń lò, kí èèyàn fojú inú wo àtẹ̀gùn kan láti 0 dé 10, ayé tó dáa jù tó lè ní ló wà lókè, èyí tó burú jù ló wà nísàlẹ̀, orí ìgbésẹ̀ wo lo wà báyìí. Ìbéèrè tó dáa ni, mo máa ń lò ó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òkè àtẹ̀gùn ò dúró lójú kan. Kí títì tó dé, ayé tó dáa jù lójú ọmọbìnrin kan lábúlé lè jẹ́ kóun ní kànga nítòsí. Nígbà tí títì dé tó ń lọ sí ìlú tó ń bọ̀, tí iná dé tí fóònù ń wà lórí ṣájì látàárọ̀ dalẹ́, ó ti rí ohun tó pọ̀ ju kànga lọ, òkè àtẹ̀gùn ti gbéra, òun náà ti gun ìgbésẹ̀ méjì sókè àmọ́ òkè fúnra ẹ̀ ti jìnnà sí i ju tàtẹ̀yìnwá, ló bá ní 5 tàbí 4. Ìyẹn ò sọ iṣẹ́ yín di asán, ohun tó ń sọ ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ò tó. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: omi ńkọ́, ọ̀nà oko ńkọ́, owó tó ń wọlé, àwọn aládùúgbò, ààbò lálẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá sọ? Ẹ máa rí i pé omi lè gòkè kí ààbò já wálẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àti pé àwọn wo ló dá yín lóhùn? Tó bá jẹ́ baálé ilé nìkan lẹ bi, ìdajì abúlé ò tíì sọ̀rọ̀. Ẹni tí títì yẹn ṣe láǹfààní jù náà lè ti gba orí ẹ̀ lọ, ọ̀dọ́ tó ti ń wọ́nà àtilọ látọjọ́ yìí, tó wá rí bọ́ọ̀sì, kò sí nínú sọ́fè kejì mọ́, bàbá àti ìyá tó fi sílẹ̀ ló dá yín lóhùn, inú wọn ò sì dùn torí ọmọ ti lọ. Robert Chambers, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ abúlé, ti sọ ọ́ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn pé àwa tá à ń wá láti ìlú, ẹ̀gbẹ́ títì la máa ń wò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń wá, àwọn ọkùnrin la máa ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó rí jájẹ la máa ń jókòó tì, ibi tí púrójẹ́ẹ̀tì wà ni wọ́n máa ń mú wa lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn wo fọ́ọ̀mù yín, ilé mélòó nínú ẹ̀ ló jìnnà sí títì?

Ó dáa, ká ní sọ́fè yẹn péye, oṣù kan náà ni, àwọn kan náà ni. Ẹ wá bá mi ká lọ wo ọjọ́ wọn.

Ibì kan wà tí mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Ní Nẹ́dálándì, wọ́n fa omi kúrò lórí ilẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Noordoostpolder, ilẹ̀ ọ̀hún gbẹ ní 1942, wọ́n wá ní àǹfààní tí ò wọ́pọ̀ láyé, ilẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò kọ́lé sí rí, kí wọ́n ya ohun tó bá wù wọ́n sórí ẹ̀. Wọ́n fi ìlú kan sáàárín, Emmeloord, wọ́n fi abúlé 10 yí i ká, ohun tí wọ́n sì fi mọ bí abúlé kan ṣe máa jìnnà sí èkejì ni ibi tí àgbẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ lè fi kẹ̀kẹ́ gùn dé. Mo fẹ́ràn ìrònú yẹn gan-an, torí ọjọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi wọn ilẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, mọ́tò ti ń gba ipò kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn lébìrà oko, èèyàn tí wọ́n retí láwọn abúlé yẹn ò pé, ó sì ṣòro kí ṣọ́ọ̀bù àti iléèwé dúró níbi téèyàn ò pọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Oostelijk Flevoland, abúlé 10 náà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sórí pépà, nígbẹ̀yìn nínú gbogbo ẹ̀ Dronten, Biddinghuizen àti Swifterbant nìkan ni wọ́n kọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbà pé ọjọ́ àgbẹ̀ ti yí padà, tí wọ́n sì yí pílánì pa dà. Ọ̀pọ̀ kọmití ò lè ṣe ìyẹn, pépà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ti di òfin.

Ẹ wá fi Tànsáníà wé e. Ní 1973 Julius Nyerere, ààrẹ ibẹ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo ará oko kó wá gbé nínú abúlé tí ìjọba yà, wọ́n ń pè é ní Operation Vijiji, ó di 1976, àwọn tí wọ́n kó lé ní mílíọ̀nù 5. Èrò ìdí ẹ̀ yé mi: tí ilé bá sún mọ́ra, iléèwé, omi àti ìtọ́jú á rọrùn láti gbé dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ abúlé ló sì rí i gbà lóòótọ́. Àmọ́ níbi púpọ̀ wọ́n to ilé sẹ́bàá títì bẹ́ẹ̀ ni oko wà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ́ sóko tẹ́lẹ̀ wá ń rìn jìnnà kó tó dé ìdí ọ̀gbìn ẹ̀, kò rí ẹranko tó ń jẹ ẹ́, kò sí níbẹ̀ lálẹ́, àwọn kan ni wọ́n fipá kó, níbòmíì wọ́n tiẹ̀ dáná sun ilé àtijọ́ kí wọ́n má bàa padà. Iléèwé sún mọ́ wọn, oko jìnnà sí wọn. Kọmití tó bá ka nǹkan á ní àṣeyọrí ni, ẹni tó bá ka ọjọ́ á rí wákàtí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ wo títì tiyín náà. Òṣùwọ̀n kan wà tí Báńkì Àgbáyé ń lò, wọ́n máa ń ka iye ará abúlé tó wà láàárín kìlómítà 2 sí ọ̀nà tó ṣeé gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, torí kìlómítà 2 jẹ́ nǹkan bí ìrìn ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dáa gan-an láti fi mọ ibi tí títì ò sí. Àmọ́ kí ló ń gba orí títì yẹn kọjá? Ìgbà mélòó lóòjọ́? Tí mọ́tò tó ń kó ẹrù bá ń dé láago mẹ́wàá tí ọjà sì ti ṣí láago mẹ́fà, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ṣì máa rìn lóru ni, títì ti tẹ́jú fún un láti rìn, ìyẹn náà ló kù. Ọ̀nà tó ti títì wọ inú oko ńkọ́, ṣé òun náà ò kún fún ẹrẹ̀? Mo rí i níbi púpọ̀ pé títì ńlá lẹnjiníà fẹ́ràn láti ṣe, ọ̀nà oko tí àgbẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́ kì í sí nínú àwòrán, afárá kékeré kan lórí odò ìdí oko sì lè tẹ́ wọn lọ́rùn ju kìlómítà mẹ́wàá títì lọ.

Ilé ìwòsàn náà ńkọ́? Èmi fúnra mi wà nínú kọmití kan rí tó kọ́ èyí tó dáa, yàrá mọ́, oògùn wà, nọ́ọ̀sì wà, odindi ọdún kan ibẹ̀ ò kún. A ti ń sọ pé wọn ò mọ iyì ìtọ́jú ni. Obìnrin kan ló wá bi wá nípàdé pé aago mélòó lẹ máa ń ṣí? Mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Ó ní aago mélòó lẹ rò pé a máa ń wà lóko? Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, torí iṣẹ́ mi ni láti béèrè ìyẹn kí wọ́n tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀, mi ò béèrè. A yí i padà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ alẹ́, kò ná wa ju owó àfikún fún nọ́ọ̀sì lọ, àwọn èèyàn dé. Látìgbà náà, kí n tó béèrè ibi tí wọ́n máa kọ́ nǹkan sí ni mo ti máa ń béèrè aago tó máa ṣí.

Ní ti abúlé méjì tí máàkì wọn já, ibẹ̀ lọkàn mi wà jù, torí kí nǹkan má gòkè yàtọ̀ sí kó já. Ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko lé lórí. Tí títì àti iná bá dé ibì kan, ilẹ̀ ibẹ̀ máa wọ́n, ẹni tó nilẹ̀ á yọ̀, ẹni tó yá ilẹ̀ dáko á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, torí onílẹ̀ ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú fẹ́ san, ó lè gbówó orí ilẹ̀ sókè, ó sì lè ní kó kúrò. Iṣẹ́ rere yín gan-an ló fa ẹ̀rù yẹn, kò sì sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ lọ wò ó bóyá àwọn tó ń yá ilẹ̀ àti lébìrà ló pọ̀ ní abúlé méjì yẹn ju mẹ́rin tó kù lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé àdéhùn ọlọ́dún gígùn láàárín onílẹ̀ àti ẹni tó ń dáko lẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó tún da sìmẹ́ǹtì kankan.

Ọ̀rọ̀ ta ló nilẹ̀ yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, Walter Goldschmidt, onímọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn, ṣèwádìí fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ l'Amẹ́ríkà lórí ìlú kékeré méjì ní California, Arvin àti Dinuba. Iye ohun tí oko méjèèjì ń pa wọlé ò jìnnà síra, àmọ́ oko ńláńlá tó ń lo lébìrà ló yí Arvin ká, oko kéékèèké tí ìdílé ń ṣe fúnra wọn ló pọ̀ ní Dinuba. Ṣọ́ọ̀bù, iléèwé, pápá ìṣeré, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú, gbogbo ẹ̀ ló pọ̀ sí i ní Dinuba. Àwọn kan ta kò ó, wọ́n ní Dinuba ti wà ṣáájú Arvin, pé ìyẹn náà lè fà á, ẹjọ́ wọn sì tọ́ láti gbọ́. Síbẹ̀ ohun tí mo rí láti ọjọ́ yìí bá tiẹ̀ mu, ibi tí owó oko bá ti ń kúrò lábúlé lójú ẹsẹ̀, nǹkan tẹ́ ẹ bá kọ́ síbẹ̀ ò ní pẹ́ dahoro.

Ohun míì tó lè fa kí máàkì já ni ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ọ̀la. Ní 1951 ìjọba ìbílẹ̀ County Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn abúlé ẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́rin, A dé D, 114 bọ́ sí ìsọ̀rí D, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé a ò ní náwó síbẹ̀ mọ́, kí ó máa kú lọ. Awakùsà ni wọ́n, wọn kì í ṣe àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ẹni tó gbọ́ pé lẹ́tà abúlé òun ti di D, ṣé á tún òrùlé ṣe ni? Ọdún 1977 ni wọ́n tó pa ètò náà tì, àwọn ará abúlé sì ti bá wọn jà gan-an kó tó dà bẹ́ẹ̀. Nínú abúlé méjì tiyín, ṣé kò sí ìròyìn pé ẹ fẹ́ dá iléèwé wọn pọ̀ mọ́ tibi tí ilé ìwòsàn wà? Mo béèrè torí pé ẹ ní sáàárín lẹ kọ́ ọ sí, àwọn tó wà létí máa ń ka ìyẹn sí àmì pé ojú ti kúrò lára wọn, ìyá tó lọ́mọ kékeré á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé síbòmíì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn ni pé ta ló pinnu. Ní Gúúsù Kòríà ní 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Saemaul Undong, ètò ìjọba láti tún àwọn abúlé ṣe, sìmẹ́ǹtì àpò 335 ni wọ́n fún abúlé kọ̀ọ̀kan, abúlé tó lé ní 33,000, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ pín in sójúlé, iṣẹ́ tó kan gbogbo wọn ni kí wọ́n fi ṣe, kí wọ́n jókòó kí wọ́n pinnu. Ọdún kejì, nǹkan bí 16,600 abúlé tó ṣe dáadáa ni wọ́n tún fún ní àpò 500 àti irin tọ́ọ̀nù kan. Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ́ gbogbo ẹ̀ o, ìjọba Park Chung-hee, ààrẹ wọn nígbà náà, le mọ́ni, ọwọ́ òkè tẹ àwọn abúlé gan-an bọ́dún ṣe ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ ò sì yé lọ sí ìlú. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé nǹkan kékeré tí wọ́n bá jọ pinnu lé lórí, wọ́n á máa tún un ṣe. Ní Yúróòpù náà, ètò LEADER tí Ìparapọ̀ Yúróòpù ń ṣe fún àwọn ìgbèríko, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, gbé owó fún ẹgbẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn wà nínú ẹ̀, wọ́n sì wá fi sínú òfin wọn ti 2013 pé ìbò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti ẹgbẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ ka àwọn tó ń dìbò nínú kọmití yín. Mélòó ló ń sùn ní abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn?

Nítorí náà ohun tí màá ṣe tí mo bá wà nípò yín rèé. Mi ò ní kọ́ nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan màá wá èèyàn bíi mẹ́wàá, obìnrin ìdajì, kí ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, kí ẹni tó yá ilẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹni tí ilé ẹ̀ jìnnà sí títì jù wà níbẹ̀, màá bá wọn ka ọjọ́ wọn láti àárọ̀ dalẹ́, wákàtí sí wákàtí, ọjọ́ iṣẹ́ kan àti ọjọ́ ọjà kan, kí ẹnì kan tiẹ̀ bá wọn rìn ín tó bá ṣeé ṣe. Ẹ má kó obìnrin àtọkùnrin pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí olórí abúlé jókòó tì wọ́n. Ẹ ṣáà máa wá ibi tí wákàtí ti ń ṣòfò, ẹ máa rí i pé ibi méjì tàbí mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn á máa dárúkọ. Ẹ wá àwọn mẹ́wàá tó ti kúrò náà, fóònù wọn wà lọ́wọ́ ìyá wọn, ẹ bi wọ́n ohun tó lé wọn lọ àti ohun tó lè mú wọn padà, ìdáhùn wọn máa yà yín lẹ́nu ju tàwọn tó wà nílé lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pinnu lójú ara wọn, kẹ́ ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá yàn kódà tí kò bá jẹ́ òun lẹ̀ bá yàn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tí ẹ ò lè ṣe, ẹ padà lọ sọ fún wọn pé ẹ ò lè ṣe é àti ìdí tẹ́ ẹ ò fi lè ṣe é, ẹ má dákẹ́, kò sí ohun tó ń dun ará abúlé tó kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ kí wọ́n má padà wá mọ́.

Ti àtúnṣe náà o, ta ló máa tún òpó iná ṣe tó bá wó, nọ́ńbà ta ni wọ́n máa pè, owó ẹ̀ wà níbo? Iná tó dé tó tún lọ máa ń dunni ju iná tí ò dé rí lọ.

Sọ́fè kẹta, ẹ ṣe é ní oṣù kan náà tẹ́ ẹ ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ bi ju ẹnì kan lọ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìbéèrè nípa wákàtí àti nípa ilẹ̀ kún un. Kẹ́ ẹ sì fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi ní báyìí: oṣù tẹ́ ẹ ṣe sọ́fè méjèèjì, iye àwọn tó ń yá ilẹ̀ dáko ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àti aago tí ilé ìwòsàn ń ṣí tó ń tì. Tí mo bá ti rí ìyẹn, màá lè bá yín sọ̀rọ̀ abúlé méjì yẹn dáadáa ju báyìí lọ.